Trout fún ìkòkò, bass fún ìjà: bẹ́ ẹ ṣe lè fi ìwọ̀ pẹja ní Castaic Lake

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Los Angeles àti àyíká ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ẹja dídì lówó gọbọi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe lè máa pẹja fúnra yín ní adágún tí ìjọba ń da ẹja sí. Castaic Lake ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ó wà létí ọ̀nà I-5, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Magic Mountain ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nìyẹn, bí ọ̀nà bá dá, nǹkan bíi wákàtí kan ni láti Inglewood. Ohun tí mo fẹ́ sọ náà bá adágún Cachuma mu, ó bá àwọn adágún San Diego mu, ibi tí kálukú máa dúró sí àti òfin adágún kọ̀ọ̀kan ló máa yàtọ̀.

Castaic kì í ṣe odò tó wà tẹ́lẹ̀ o, dáàmù ni. Ọdún 1973 ni wọ́n parí ẹ̀, omi inú ẹ̀ sì ń ti àríwá California wá, omi mímu ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Ẹ máa rí adágún méjì: ńlá tó wà lókè dáàmù, àti kékeré tó wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lagoon. Ti òkè yẹn omi ẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, ibi tẹ́ ẹ dúró sí lóṣù tó kọjá lè ti di òkè gbígbẹ. Ẹni tí ò ní bóòtì tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Lagoon ni kó gbà lọ.

Ẹja méjèèjì, trout àti bass, ò jọra rárá

Trout tí wọ́n ń dà síbẹ̀, rainbow trout ni. Ó ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara àti àmì dúdú wínníwínní káàkiri ẹ̀yìn, ìpẹ́ ara ẹ̀ kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ó ní. Omi tútù ló ń gbé. Tí omi bá ti ń kọjá digiri 70 Fahrenheit, ara ẹ̀ ò ní gbà á mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn Fish and Wildlife, àjọ ìjọba California tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, fi ń dúró de òtútù kí wọ́n tó fi ọkọ̀ tánkà gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ń sìn ín, irú bíi Fillmore tí ò jìnnà sí Castaic. Ìdajì páùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń wọ̀n. Kò sí odò tútù tó ń ṣàn tó lè yé ẹyin sí níbẹ̀, torí náà tánkà ò bá wá, trout ò sí.

Bass ní tiẹ̀, onílé ni. Largemouth bass, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ kọjá ojú, ó ń bímọ níbẹ̀, ó ń dàgbà níbẹ̀. Ọdún 1959 ni wọ́n kó irú ẹ̀ tó máa ń tóbi gan-an láti Florida wá sí San Diego, láti ibẹ̀ ló ti ràn dé àwọn adágún yòókù. Kí ló ń jẹ tó fi ń tóbi tó bẹ́ẹ̀? Trout tí ìjọba ń dà síbẹ̀ ni jàre! Àwa rò pé àwa ni tánkà yẹn ń gbé oúnjẹ wá fún, bass náà mọ̀ pé òun ni. Ní March 1991, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bob Crupi fi ìwọ̀ fa bass tó wọn páùn 22 jáde ní Castaic yìí gan-an, ó sì dá a padà sómi. Èyí tó tóbi jù lágbàáyé nígbà yẹn ò ju páùn 22 àti áúǹsì mẹ́rin lọ, George Perry ló pa á ní Georgia lọ́dún 1932, kò sì tíì sí ẹni tó fi ibì kan jù ú lọ bí ẹ bá yọwọ́ ti Manabu Kurita ní Lake Biwa ní Japan lọ́dún 2009, tí wọ́n ní ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ìlànà tèmi nìyí, gbogbo nǹkan tí mo máa sọ nísàlẹ̀ orí ẹ̀ ló dúró sí: trout, ẹ pa á jẹ, bass, ẹ bá a jà kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó lọ. Trout yẹn torí ká lè jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe sìn ín, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní rí ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Bass ńlá ti pẹ́ láyé, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ẹja ẹlẹ́ja, gbogbo mẹ́kúrì tó wà lára àwọn tó jẹ ló kó jọ sára tiẹ̀. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní gbé e síwájú aláboyún tàbí ọmọ kékeré.

Ìwé kọ́kọ́

Ẹ má gbé ìwọ̀ sómi láìní láísẹ́ǹsì o. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní in, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á, ọjọ́ 365 ló máa lò látọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ kàn fẹ́ dán an wò, ti ọjọ́ kan wà, ó dínwó púpọ̀. Láísẹ́ǹsì lásán, ọ̀pá kan ṣoṣo ló fún yín láṣẹ láti lò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀pá méjì sílẹ̀ ẹ máa san owó kékeré kan lé e. Kò tán síbẹ̀, ẹ tún máa san owó mọ́tò ní gẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ méjì sì wà lọ́dún tí ìpínlẹ̀ máa ń jẹ́ káwọn èèyàn pẹja láìní láísẹ́ǹsì, ìyẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ mú bàbá tàbí màmá tó wá kí wọn láti ilé dání.

Trout márùn-ún lòfin gbà fún ẹnì kan lóòjọ́ ní àwọn adágún. Bass, márùn-ún ni ní ọ̀pọ̀ ibi, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ dín ní íǹṣì 12, àmọ́ àwọn adágún kan ní òfin tiwọn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka ti adágún tẹ́ ẹ̀ ń lọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kì í ṣe pé a mú ọmọ mẹ́ta lọ ká wá fi ọwọ́ ara wa pa ogún trout o. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú tiẹ̀ ló ni márùn-ún ẹ̀. Àwọn wọ́dìn, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ òfin ẹja pípa, máa ń wá, wọ́n á bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣí kúlà, wọ́n á kà á.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ lọ?

Fish and Wildlife ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń kọ adágún tí wọ́n fẹ́ da ẹja sí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sọ, wọn ò ní sọ ọjọ́. Láti November títí di March ni kẹ́ ẹ máa yọjú síbẹ̀. Wọ́n sì lè yí i padà o, òjò lè dí ọ̀nà, ẹja lè ṣàìsàn: lọ́dún 2020 àrùn kan wọ mẹ́ta nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń sìn ẹja, ẹja tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n pa dànù.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á, ẹja yẹn ṣì ń gbọ̀n, ó ń káàkiri lójú omi nítòsí ibi tí tánkà ti da omi, àwọn kan máa jẹun lójú ẹsẹ̀ àwọn kan ò ní jẹ. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló dùn jù lójú tèmi, ara wọn ti balẹ̀, ebi sì ti ń pa wọ́n. Ẹ débẹ̀ kí gẹ́ẹ̀tì tó ṣí, torí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ló máa ń jẹun dáadáa. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má fojú California wo òtútù àárọ̀ January létí omi.

Irinṣẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà tan yín, ẹ ò nílò nǹkan ọgọ́rùn-ún. Fún trout, ọ̀pá tó rọ̀ díẹ̀ tí gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí méje, ríìlì kékeré tí okùn ń yí mọ́, okùn tó lè gbé páùn mẹ́rin. Okùn tín-ínrín ni o! Omi Castaic mọ́, trout sì ní ojú, okùn nípọn ni ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jókòó láti àárọ̀ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń fà á jáde ní méjì méjì. Fún bass, ọ̀pá tó le díẹ̀ sí i, okùn páùn mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú àwọ̀n ọlọ́wọ́, píláyà tí ẹnu ẹ̀ gùn, kúlà tí yìnyín wà nínú ẹ̀, ọ̀bẹ, nylon fún pàǹtí, àga. Ó parí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa so ìwọ̀ trout

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ mú òjé oníhò kékeré, ẹ ki okùn ọ̀pá yín gba inú ẹ̀ kọjá kó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ so swivel, irin kékeré olójú méjì tó ń yí, sí i lẹ́nu kí òjé má bàa yọ̀ kọjá. Lára etí kejì swivel yẹn kẹ́ ẹ so okùn mìíràn tó tín-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ mọ́, páùn méjì sí mẹ́ta, kó gùn tó íǹṣì 18 sí 30. Ìparí okùn yẹn ni ìwọ̀ wà, ìwọ̀ kékeré ẹlẹ́nu mẹ́ta nọ́ńbà 16 tàbí 18.

Kókó náà: ẹ ki okùn wọ ihò ìwọ̀, ẹ yí orí ẹ̀ mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dá orí ẹ̀ padà wọ ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀ gan-an, ẹ máa rí i pé ìyẹn ti ṣí ihò ńlá kan sílẹ̀, ẹ tún ki orí ẹ̀ gba inú ìyẹn. Ẹ fi itọ́ rin ín kẹ́ ẹ tó fà á, torí okùn gbígbẹ tẹ́ ẹ bá fà gan-an máa gbóná, ibi tó gbóná yẹn ló máa já sí nígbà tí ẹja bá dé ẹsẹ̀ yín. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa dì, ẹ gé ìyókù.

Ìdẹ tó wọ́pọ̀ jù ni PowerBait, ó máa ń wà nínú ìgò kékeré, ó rọ̀ bí èbà tí omi ẹ̀ pé, ó ń rùn, ó ń dán. Ẹ mú ìwọ̀nba tó máa bo ìwọ̀ tán, ẹ fi ìka lọ̀ ọ́ yí ìwọ̀ náà ká kí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má hàn. Kẹ́ ẹ tó jù ú, ẹ kọ́kọ́ rì í sómi lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ wò ó: ṣé ó léfòó? Tó bá rì, ìdẹ ò tó, ẹ fi kún un. Òjé ló máa dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, ìdẹ á wá léfòó lókè ẹ̀ níwọ̀n gígùn okùn tín-ínrín yẹn, ibẹ̀ gan-an ni trout ń rìn kọjá. Ẹni tí ìdẹ ẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú koríko ìsàlẹ̀, koríko ló ń fún lóúnjẹ.

Ekòló náà dáa, ti Amẹ́ríkà tóbi wọ́n sì ń tà á nínú kọ́ọ̀bù, ẹ gé e sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún un fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ẹ̀ kó lè léfòó.

Jíjù àti dídúró

Ẹ má jù ú lọ sí àárín adágún, ibẹ̀ kọ́ ni ẹja wà láàárọ̀. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti yọrí wọnú omi, tàbí itòsí ibi tí wọ́n ti ń gbé bóòtì sómi torí ibẹ̀ ni tánkà máa ń dúró sí, tàbí etí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ jù ú, ẹ jẹ́ kí òjé balẹ̀, ẹ fa okùn kó le díẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá ṣí ríìlì sílẹ̀ kí okùn lè máa lọ fàlàlà. Nígbà tí okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹ má fò sókè! Ẹ jẹ́ kó lọ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì mẹ́ta, ẹ ti ríìlì, ẹ gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́. Ẹnu trout rọ̀, ẹni tó bá fà á bíi tẹni tó ń fa àrọ̀ nínú ẹrẹ̀ máa fa ẹnu ẹ̀ ya. Drag ríìlì yín, ìyẹn ohun tó ń di okùn mú lára ẹ̀, ẹ tú u débi pé ẹja lè gba okùn lọ́wọ́ yín nígbà tó bá sáré, tó bá rẹ̀ ẹ́ ẹ fà á wá, ẹ ti àwọ̀n sábẹ́ ẹ̀.

Tí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ pààrọ̀ ìdẹ, ẹ jù ú sí apá ibòmíì. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ pààrọ̀ àwọ̀ ìdẹ, ẹ mú okùn tín-ínrín gùn sí i. Tí ẹja bá ń fò lójú omi tí ò sì ka tìsàlẹ̀ sí, ẹ tú gbogbo ẹ̀, ẹ so irin dídán kékeré bíi Kastmaster mọ́ okùn, ẹ jù ú kọjá ibi tó ti ń fò, ẹ máa yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìdádúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tẹ́ ẹ bá dá a dúró tó ń rì ló máa gbé e.

Ó wá ku bass

Bass ò ní dúró níta gbangba. Ibi tí òkúta wà, ibi tí igi ti rì, abẹ́ pákó tí wọ́n ń so bóòtì mọ́, etí ibi tí omi ti jìn lójijì, ibẹ̀ ló máa ń ba sí. Láti February títí di April ni omi máa ń móoru díẹ̀díẹ̀, tó bá ti ń súnmọ́ digiri 60 wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etí omi tí ò jìn láti yé ẹyin, ìgbà yẹn ló rọrùn fún ẹni tó dúró lórí ilẹ̀. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin. Tẹ́ ẹ bá rí i tó dúró sójú kan lórí ìtẹ́ tí ò kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, àwọn ẹja kéékèèké á ti jẹ ẹyin yẹn tán.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, drop shot ni kó so. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan ni, nọ́ńbà 1 tàbí 2, ẹ so ó mọ́ àárín okùn, ẹ má gé orí okùn tó kù, ẹ jẹ́ kó gùn tó íǹṣì 12 nísàlẹ̀ ìwọ̀, ìparí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ so òjé sí. Ẹ gún ekòló rọ́bà tí gígùn ẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ní imú mọ́ ìwọ̀. Ẹ jù ú, òjé á balẹ̀, rọ́bà á máa jó lókè ẹ̀. Ẹ má fà á kiri, ẹ kàn máa gbọn ẹnu ọ̀pá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òjé ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ dúró, ẹ tún gbọ̀n ọ́n. Bass ò ní já a gbà bí olè, ńṣe lẹ máa rí i pé okùn ti wúwo tàbí pé ó ti ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yí ríìlì kí okùn le, kẹ́ ẹ wá gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú agbára, torí ẹnu tiẹ̀ le.

Àwọn tó ń wá bass ńlá, trout onírọ́bà tí gígùn ẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ ni wọ́n ń jù, ọ̀pá líle, okùn páùn ogún lọ sókè, wọ́n á sì máa fà á bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ tí tánkà bá wá. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ kí n sòótọ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ máa jù ú láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí apá á máa dùn yín tí ẹja kankan ò ní wò ó, rọ́bà kan ṣoṣo sì lè gbówó ju ọ̀pá trout yín lọ. Ẹni tí ò bá ní sùúrù kó fi í sílẹ̀ fún àwọn aláìníṣẹ́. Àti pé ẹ má wá ṣe ọgbọ́n pé ẹ fẹ́ fi trout tó wà láàyè ṣe ìdẹ, òfin ò gbà á.

Tẹ́ ẹ bá mú bass, ẹ rin ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, tó bá tóbi ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀, ẹ má gbé e kọ́ láti ẹnu nìkan. Ẹ ya fọ́tò kíákíá, ẹ gbé e padà sómi, ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ títí òun fúnra ẹ̀ á fi fi ìrù ta yín lọ.

Trout dé ìkòkò

Trout tẹ́ ẹ máa jẹ, ẹ má so ó mọ́ okùn sínú omi títí di ọ̀sán, ẹran ẹ̀ máa ń tètè rọ̀. Ẹ fi igi lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé abẹ́ ọ̀fun ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ó di inú yìnyín. Eléyìí tó ti gbé ìwọ̀ mì, ẹ má torí pé ó kéré kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀, kò ní yè, ẹ fi kún márùn-ún yín.

Nílé, ẹ la ikùn ẹ̀ láti ihò ìdí títí dé ọ̀fun, ẹ fa gbogbo ìfun jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa rí ìlà ẹ̀jẹ̀ dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn nínú ikùn, ẹ fi èékánná tàbí ṣíbí ha á kúrò lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí á fi funfun, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ òun ló máa jẹ́ kó rùn. Ẹ ò ní nílò láti ha ìpẹ́.

Tó bá jẹ́ pẹ́pẹ̀ súùpù, ẹ kọ́kọ́ se omi ata, èèrù, èfìrìn àti iyọ̀ ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ tó gbé trout sí i, ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Kì í ṣe àrọ̀ tó máa hó fún ìdajì wákàtí, tẹ́ ẹ bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́ ó fọ́ nìyẹn, ẹ kàn di etí ìkòkò mú kẹ́ ẹ mì í. Tó bá jẹ́ dídín lẹ fẹ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sí i, awọ ẹ̀ á máa ta kàkà lẹ́nu. Eegun wínníwínní pọ̀ nínú ẹ̀ ṣá, ẹ bá àwọn ọmọdé yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bu ún fún wọn.